Ọwọ́ Alùbáríkà ní Káfẹ́ Màámi

Tí imú mi bá gbọ́ òórùn kànfọ́ pẹ́nrẹ́n, Agbowó ni ọkàn mi ń sáré lọ. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, á rántí àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà. Kọ̀ǹpútà lèmi máa ń rántí. Láràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó ràn dáadáa, Màámi á ti máa ju kànfọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí pé àwọn eku Agbowó ò gbà pé wáyà kì í ṣe oúnjẹ. Kànfọ́ á dà pọ̀ mọ́ òórùn bẹntiróòlù tí wọ́n ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀, àti òórùn rọ́bà gbígbóná tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí Bùọ̀dá Ràsákì ti ń lẹ táyà. Títí dòní, mi ò tíì rí lọ́fínńdà tó dùn mọ́ mi tó àpòpọ̀ yẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá. Tíṣà ni bàbá mi, iṣẹ́ ti gbé wọn lọ sí Ṣakí, èmi àti Màámi la jọ ń gbé n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màámi fi bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ ìwé kí wọ́n tó kó gbogbo ohun tí wọ́n ní jọ, tí wọ́n fi ṣí káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ràn káfẹ́ náà débi pé bí èmi àti kọ̀ǹpútà kan bá jọ ń ṣàìsàn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí pé ta ni wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ gbé Ìbàdàn nígbà yẹn, ẹ ò ní sọ pé mo ń parọ́. Fóònù ìgbà yẹn, ká fi pe èèyàn, ká sì fi tanná wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà oníké, kó sì máa wo bí àwòrán ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Irun orí á kọ́kọ́ yọ, iwájú orí á tẹ̀ lé e, á kan imú. Kó tó kan ẹnu, àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì á ti tán. Oníbàárà wa kan wà tó bá ọmọbìnrin kan tó wà nílùú òkèèrè sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún odindi oṣù méjì láìtíì rí àgbọ̀n rẹ̀.

Gbogbo Sátidé náà ni Bùọ̀dá Ràsákì máa ń fa rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà gun àtẹ̀gùn wá, tí wọ́n á fi fẹ́ eruku inú kọ̀ǹpútà wa síta. Eruku á bò wá bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ Màámi. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju kí wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n máa ka ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, yunifásítì ni wọ́n sì ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣewọlé. Láti ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, wọ́n lè rí igi inú ọgbà ilé ìwé náà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ọ̀nà wọbẹ̀.

Wàhálà tiwa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí káfẹ́ tuntun kan ṣí lódìkejì títì, tó dojú kọ wa. Gíláàsì dúdú ló wà lójú fèrèsé ibẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, àga ibẹ̀ sì ń yí po. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti Màámi la kù tí à ń wo ara wa láàárín kọ̀ǹpútà mẹ́jọ. Màámi fún mi ní ìwé àti pẹ́ńsùlù. "Mọ́rẹ́nikẹ́, lọ bá mi wo ohun tí wọ́n ní tá ò ní." Mo lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: òtútù, àga tó ń yí, òdòdó, ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín.

Màámi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹ̀rín ò le, ẹ̀rín la ó kọ́kọ́ ṣe. Àmọ́ Màámi tí mo mọ̀ kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ẹ̀rín tí wọ́n fi tipátipá rín sí oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì le débi pé ọkùnrin náà béèrè bóyá eyín ló ń dùn wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀rín sílẹ̀, wọ́n lọ ra òdòdó rọ́bà ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ra fáànù onídùúró kan tó ń mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ò dùn mọ́. Ìgbàkígbà tó bá kọjú sí tábìlì, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì á fò. Wọ́n ra àga tó ń yí, ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà méjì tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ kan yí i yí i títí àga náà fi kó ẹsẹ̀ sókè. Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó rọ́bà wọn. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹyọ kan."

Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé bó bá rí báyìí di ìparí ọdún, àwọn á ta àwọn kọ̀ǹpútà náà, a ó sì kó tọ bàbá mi lọ sí Ṣakí. Mi ò fẹ́ lọ Ṣakí rárá. Ní Agbowó, ọmọ oníkáfẹ́ ni mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ga tó bàbá mi ń bẹ̀ mí pé kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un fún àwọn. Ní Ṣakí, ọmọ tíṣà ni mo máa jẹ́, gbogbo yín lẹ sì mọ ohun tójú ọmọ tíṣà ń rí.

Orúkọ àwọn tó wọ yunifásítì jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tí ìrètí fẹ́ tán. Èrò kún káfẹ́ òdìkejì dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí kò ráyè wá ya ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tó ń ta òkìrìkà ní Ṣàngó. Orí bébà tó ti rọ̀ nítorí òógùn ọwọ́ ni wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánwò ọmọ wọn sí. Ìyá náà jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní àwọn ò lè wò ó. Wọ́n kọ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ìborùn bojú. "Ọmọ, ìwọ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò mọ ẹ̀ṣẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé náà yọ díẹ̀díẹ̀, mo rí orúkọ ọmọ wọn, mo sì kígbe. Ìyá náà wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n fi pa orí ara wọn, wọ́n fi pa àyà. "Ọwọ́ alùbáríkà! Ẹ wá wo ọwọ́ alùbáríkà o!" Ariwo náà dé ìsàlẹ̀, Bùọ̀dá Ràsákì sáré gòkè wá, wọ́n rò pé iná ló mú wáyà.

Ọ̀rọ̀ ò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó rìn n'Íbàdàn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti dé Ṣàngó, ó ti dé Mọ́kọ́lá, wọ́n sì ti bu iyọ̀ sí i. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí mi. Wọ́n ní mo gbé eyín wáyé. Èrò tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, amúlétutù òdìkejì sì ń fẹ́ sórí àga òfìfo. Ó wá di àṣà wa níbẹ̀: ẹni tó bá wọlé á fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, á kọ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, á dijú. Mùsùlùmí á máa gbàdúrà tirẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì á máa gba tirẹ̀, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wojú kọ̀ǹpútà àfi èmi nìkan. Màámi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kún, wọ́n sì ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi náà wá gba ara mi gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ọwọ́ ọ̀tún nìkan, mo fi tòsì sílẹ̀ kó máa funfun. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé ìwé bọ̀ mí lọ́wọ́ lásán mọ́. Màámi ní kí n lọ fọ abọ́ lọ́jọ́ kan, mo gbé ọwọ́ náà sókè, mo ní, "Ṣé èyí náà?" Mi ò ní sọ ohun tí ọwọ́ tiwọn fi orí mi ṣe, ṣùgbọ́n abọ́ mọ́ tónítóní lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ó ti máa rò ó pé kò lè jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wá ló wọlé. Òótọ́ ni. Ọmọkùnrin kan láti Àpáta ni àkọ́kọ́. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sí. Ọmọkùnrin náà kọ̀yìn sí mi, ó ń gbàdúrà kíkankíkan, gbogbo èrò tó wà lórí ìlà sì tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ahọ́n mi gbọ́n jù mí lọ. "Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ," ló sọ, "ẹ padà wá lọ́la." Kò padà wá. Ó sọdá sí òdìkejì, ibẹ̀ ló ti rí i pé òun ò wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú omijé lójú. Àwọn èrò wa rí i láti báńkónì. Ẹnì kan mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Òtútù ibẹ̀ yẹn ló ń mú kádàrá èèyàn dì."

Bí mo ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé, ọwọ́ mi ló mú un wọlé. Ẹni tí kò bá wọlé, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, onítọ̀hún á sọdá, nẹ́tíwọ̀kì á padà dé fún ẹni tó kàn, amúlétutù á sì ru ẹ̀bi. Màámi ò fura, torí pé nẹ́tíwọ̀kì wa ń lọ lóòótọ́ nígbà mẹ́ta lóòjọ́, ìdí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n sì máa ń wà. Mi ò tíì rí òwò tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé ni Bùọ̀dá Ràsákì gòkè wá. Wọ́n ti fọ ọwọ́ wọn títí, dúdú táyà ṣì wà ní èékánná. Wọ́n mú gúgúrú àti ẹ̀pà wá fún mi nínú bébà, wọ́n kọ̀yìn, wọ́n dijú. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, wọ́n fi pupa kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá rí orúkọ rẹ̀ lè gba fọ́ọ̀mù, kó yan ẹ̀kọ́ mìíràn, kó sì mú un dé ọ́fíìsì ilé ìwé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù. Mo kà á, ó sì yé mi dáadáa. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn Bùọ̀dá Ràsákì, mo wo èrò tó ń wò mí, mo wo gúgúrú.

"Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, Bùọ̀dá."

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Bùọ̀dá Ràsákì ò ní sọdá. "Kí n lọ fi ọwọ́ ẹlòmíì wò ó? Láéláé. Màá dúró de tìẹ." Wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tàwọn ti gúgúrú. Wọ́n padà wá ní Ọjọ́rú, tàwọn ti gúgúrú. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú yẹn, mo ti ń fi gúgúrú náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì láìjẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá là á níṣojú èrò pé orúkọ wọn ò sí, ọwọ́ mi á di ọwọ́ lásán, èrò á sọdá, a ó sì kó lọ sí Ṣakí. Bùọ̀dá Ràsákì kàn rẹ́rìn-ín. "Mọ́rẹ́, ó jọ pé nẹ́tíwọ̀kì yìí ò fẹ́ràn àwa ará Ìsẹ́yìn o."

Ní Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ èémí lẹ́yìn mi. Màámi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń ka lẹ́tà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ó sì ń yọ geere.

"Nẹ́tíwọ̀kì wo ló lọ?"

Màámi nawọ́ kọjá èjìká mi, wọ́n ṣí ojú ewé tí mo ti pa dé. Wọ́n kà á láti òkè títí dé ibi pupa. Wọn ò gbá mi létí, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n béèrè pé ó ti tó ọjọ́ mélòó, mo ní ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ sọ fún un. Mo bú sẹ́kún, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi sọ ọ́. Wọ́n mi orí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu tó ní nẹ́tíwọ̀kì lọ ló máa sọ ibi tó lọ."

Mo bá Bùọ̀dá Ràsákì níbi tí wọ́n ti ri túùbù táyà kan bọ inú bàsíà omi, tí wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ láti wá ibi tó ti lu. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò lọ, orúkọ wọn ni ò sí níbẹ̀, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ọwọ́ wọn dúró nínú omi.

"Láti ọjọ́ Ajé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá."

"O sì ń jẹ gúgúrú mi."

Omi ń hó níbi tí túùbù ti lu. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i. "Mọ́rẹ́, bí mo bá sọ fún onímọ́tò pé táyà rẹ̀ ò jò, inú rẹ̀ á dùn. Á máa dùn títí táyà á fi bẹ́ lójú ọ̀nà." Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa pa àgbàlagbà lẹ́kún. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí.

Màámi ti sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé mi. "Ràsákì, ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe òní. Gòkè wá." Nígbà tá a dé òkè, wọ́n dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ọmọ mi ò lọ́wọ́ alùbáríkà kankan. Ó ti parọ́ fáwọn kan, ẹ bá mi dárí jì í. Ẹni tórúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá sí, ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó kù tá a lè ṣe." Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíì gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ jí i. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi sọdá lọ bá amúlétutù.

Màámi ò wo ẹ̀yìn wọn. Wọ́n gbé àga tó ń yí, tí wọ́n ti tún ṣe, fún Bùọ̀dá Ràsákì, wọ́n gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ka fọ́ọ̀mù náà láti ìlà dé ìlà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Bùọ̀dá ti ń lé láti ọdún mẹ́ta. Màámi béèrè ohun tí bàbá wọn ń ṣe n'Ísẹ́yìn, Bùọ̀dá ní àgbẹ̀ ni, pé àwọn náà mọ oko í ro dáadáa. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ ọ́ jáde tán, Màámi wo àga òfìfo méje tó yí wa ká. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," ni wọ́n wí, wọ́n mí kanlẹ̀, "àmọ́ òun náà la ó máa tà níbí." Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, Bùọ̀dá Ràsákì fi fọ́ọ̀mù náà lé wọn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì.

Orúkọ kejì jáde lẹ́yìn oṣù kan. Bùọ̀dá Ràsákì gòkè wá, wọn ò kọ̀yìn mọ́. Wọ́n fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n la ojú sílẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́. Mò ń wò ọ́ o." Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ ra gúgúrú, pé ó tó gẹ́ẹ́ kí ẹlòmíì náà rà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé kí ló ń fa oníbàárà wá sí káfẹ́, mo lè sọ ohun tójú mi rí. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ jó, wọ́n wọ ilé ìwé, wọ́n gbàgbé wa. Àwọn tí tiwọn ò sí ló ń padà wá, tí wọ́n ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wá, torí wọ́n gbọ́ pé ìyá kan wà l'Ágbowó tó máa ń gbé àga fúnni kó tó sọ̀rọ̀ fúnni. Ọmọkùnrin Àpáta náà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì bẹ̀ ẹ́. A ò lọ Ṣakí. Káfẹ́ tiwa àti ti òdìkejì jọ wà títí fóònù fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ibi tí wọ́n ti ń dirun ni ṣọ́ọ̀bù Màámi báyìí. Bùọ̀dá Ràsákì ní oko ńlá n'Ísẹ́yìn, bí wọ́n bá sì pè mí, ohun tí wọ́n fi ń kí mi ni pé, "Mọ́rẹ́, ṣé nẹ́tíwọ̀kì ti dé?"

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń fún èèyàn lésì ni wọ́n fi mí sí. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá gba èsì ara wọn. Wọ́n na ìwé náà padà sí mi láìtú u, wọ́n kọ̀yìn sí mi, wọ́n dijú. "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Ó jọ pé ọwọ́ yín dáa." Mo tú u. Kò dáa. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tó sáré wá sí mi lẹ́nu ni pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ó ṣì ń fẹ́ kí gbogbo ayé máa yin ọwọ́ òun. Ohun tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ ò ju àga kan lọ.

Mo dìde, mo gbé àga fún bàbá náà, mo sì gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. "Bàbá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú síbí. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á."